Eruku Ọyẹ́ tó Ń Bà sí Ìlọràá, Ìsàlẹ̀ Adágún Ló Ti Wá

Bí ọyẹ́ bá ti mú n'Ílọràá, ẹni tó sá aṣọ funfun síta kò níí pẹ́ kó o wọlé. Eruku á ti bà lé e, á bà lé páànù, á bà lé ewé ọsàn títí dé Fìdítì, ètè á sì máa là.

Ọ̀nà jíjìn leruku yìí ti ń bọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ kòtò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Òkè Tibesti àti òkè Ennedi ló fún afẹ́fẹ́ láàárín, tó fi ń ya lu ilẹ̀ náà tagbáratagbára. Ó wà lára ibi tí eruku ti ń tú jù lọ láyé. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ omi nibẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí koríko ṣì ń hù ní Sàhárà, adágún Chad fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí òjò kọ̀yìn sí ibẹ̀, omi fà, òkú àwọn ohun abẹ̀mí tíńtínní inú rẹ̀ sì di lẹ́búlẹ́bú funfun. Òun wà lára ohun tí à ń gbá lójúde wa. Òmíràn ń sọdá òkun dé igbó Amazon, ó sì ń ṣe ajílẹ̀ fún igi ibẹ̀.

Kì í ṣe eruku nìkan ló so wá mọ́ ilẹ̀ òkè ọ̀hún. Etí ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn ni Ìlọràá wà, ààlà yìí ló sì tún ìtàn wa tò. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, torí inú ọ̀dàn ló wà. Nínú igbó, eṣinṣin kan ń kó àrùn tó ń pa ẹṣin. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1835, ẹ̀bá igbó, níbi tí ẹṣin ọ̀tá kò ti lè rìn fàlàlà, lọ̀pọ̀ èèyàn sá wá, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ òní dó, nítòsí Ìlọràá.

Àwọn míì, ọ̀dá ló lé wọn wá. Láàárín 1968 sí 1974, òjò wọ́n gan-an létí Sàhárà, ó sì tún wọ́n ní 1983 àti 1984. Àwọn Fúlàní darandaran ń da màlúù wá sí gúúsù, wọ́n ń wá koríko. Ẹni tó bá fẹ́ yanjú ìjà àgbẹ̀ àti darandaran lónìí gbọ́dọ̀ ka ọ̀dá yẹn mọ́ ọn.

Àwọn kan ní aṣálẹ̀ ń rìn bọ̀ wá bá wa. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá ti gé igi tán, tí a ń dáko sí láìjẹ́ kó sinmi, ibẹ̀ nilẹ̀ ti ń kú, níbi kéékèèké, ì báà jìnnà sí Sàhárà. Ó sì ṣeé jí. Ní orílẹ̀-èdè Niger, lágbègbè Maradi àti Zinder, láti àárín àwọn ọdún 1980 síwájú, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò hú kùkùté mọ́. Wọ́n ń yan díẹ̀ nínú ọ̀mùnú tó bá yọ lára rẹ̀, wọ́n á gé ìyókù, wọ́n á sì gbin ọkà bàbà sáàárín. Igi ti padà sórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Àfíjìó wa níbí, àti ẹ̀yin tó ń sun èédú, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ṣánko lọ́dún yìí, ẹ má hú kùkùté irúgbá, emi àti apá. Ẹ jẹ́ kó rúwé.