Agbára Onígun Mẹ́ta

Púpọ̀ nínú wa ni ó kọ́ nípa onígun mẹ́ta bí ẹni tí ń kọ́ orin: ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, igun mẹ́ta, àròpọ̀ àwọn igun náà 180 dígírì. A mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá léèrè ohun tí ó wúlò fún, a kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀rù ń bà wá kí àwa náà má baà fi orin yìí lé àwọn ọmọ tí a ó kọ́ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi mú kálámù.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta dé Ṣàngó, tí ó sì yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò lọ sí Ọ̀tà, yóò rí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńláńlá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa gbòòrò nínú, nítorí pé òpó kò gbọdọ̀ dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kí ni ó wá gbé páànù òkè dúró? Bí a bá gbójú sókè wo abẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ó rí, tí a so pọ̀ ní onígun mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Èé ṣe tí kì í ṣe onígun mẹ́rin? Ẹ mú igi pẹlẹbẹ mẹ́rin, kí ẹ fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kàn wọ́n pọ̀ ní igun wọn. Ẹ tì í: yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni igi kankan kò ṣẹ́. Ẹ mú igi kan kúrò, kí ẹ kan mẹ́ta ìyókù pọ̀. Ẹ tì í títí, kò ní yẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ti mọ gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, onígun mẹ́ta kan ṣoṣo ni a lè fi wọ́n ṣe. Igun rẹ̀ kò lè yí padà àfi bí igi bá ṣẹ́ tàbí bí ìṣó bá tú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjì tí a bá rò pọ̀ gbọdọ̀ gùn ju ẹ̀kẹta lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí wọn kò ní pàdé. Nítorí náà ni káfíńtà fi ń kan igi sí onígun mẹ́rin láti igun dé igun: ó sọ ọ́ di onígun mẹ́ta méjì. Níbẹ̀ náà ni a ti mọ̀ pé àròpọ̀ igun onígun mẹ́rin jẹ́ 360 dígírì, 180 lọ́nà méjì.

Ẹ tún wo bíríkìlà nídìí ìpìlẹ̀. Ó fi okùn wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 ní apá kan, 4 ní apá kejì. Bí àárín òpin méjèèjì bá jẹ́ 5 géérégé, igun náà jẹ́ 90 dígírì. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 25, èyí tí í ṣe 5 lọ́nà 5. Orúkọ Pythagoras ará Gíríìkì ni a fi ń pe òfin yìí, ṣùgbọ́n àwọn ará Bábílónì ti mọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ ṣáájú rẹ̀.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni pé onígun mẹ́ta méjì tí igun wọn bá ara mu lè yàtọ̀ ní títóbi, síbẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ wọn sí ara wọn kò yàtọ̀. Ẹ gbé igi mítà 1 ró ní òòró ní ìrọ̀lẹ́. Bí òjìji rẹ̀ bá jẹ́ mítà 2, tí òjìji òpó irin kan sì jẹ́ mítà 30 ní wákàtí kan náà, gíga òpó náà jẹ́ mítà 15. A kò gun òkè kí a tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ tí a ń kọ́ lónìí ni yóò kan òrùlé lọ́la, abẹ́ òrùlé náà ni ènìyàn yóò sì máa gbé. Nítorí náà, bí a bá ń lọ sí kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a mú igi mẹ́rin àti ìṣó díẹ̀ dání. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í, kí ó tó fi ẹnu kà á.