Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àlùfáà tó kọ ìtàn Yorùbá

Sàró ni wọ́n ti bí Samuel Johnson lọ́dún 1846, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ló ti ṣe àlùfáà, ibẹ̀ náà ló sì ti parí ìwé ìtàn Yorùbá lọ́dún 1897. Ẹnu àwọn arọ́kin, òpìtàn ààfin Aláàfin, ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù sọ́wọ́ atẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀. Òun náà kú lọ́dún 1920. Ìwé náà jáde lọ́dún 1921.

Àwọn mìíràn náà kọ ìtàn: lọ́dún 1934, òǹkọ̀wé N. D. Oyèrìndé gbé Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ jáde ní èdè Yorùbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ìtàn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.