Kí Ni Ká Fi Sẹ́nu Ẹfúnṣetán?

Ọdún 1874 ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, kú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé májèlé ló gbé jẹ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe parí eré onítàn rẹ̀ tó jáde ní 1970. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ yóò kà á níbẹ̀ pé àwọn ẹrú rẹ̀ ló pa á lóru, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòósà ti rọ̀ ọ́ lóyè. Ikú méjì fún ẹnì kan ṣoṣo! Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ìtàn àròsọ ayé àtijọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èmi kò sọ pé Ìṣọ̀lá ṣèké. Òǹkọ̀wé eré ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí òpin padà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwòrán tó yà ti di òtítọ́ lọ́kàn àwa tí a ka ìwé náà: obìnrin ìkà tó ń ní kí wọ́n bẹ́ aboyún lórí. Johnson náà kò fi ìwà líle rẹ̀ pamọ́. Ó so ó mọ́ ikú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó kú níbi tó ti ń rọbí. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀sùn mẹ́ta tí Látòósà kà sí i lẹ́sẹ̀. Kò bá Ààrẹ lọ sógun. Kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun. Kò jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ wálé. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Kí ni obìnrin ọlọ́rọ̀ yìí rò tó fi jókòó sílé lọ́jọ́ náà? Ìwé ìtàn kò sọ. Ibi tí ìwé ìtàn ti dákẹ́ ni iṣẹ́ tiwa wà.

Kí á má sì sọ Johnson di ọ̀rọ̀ Ifá. Ìbàdàn ló ń gbé lásìkò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé tó parí ní 1897 sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901; àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló ṣa àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ tó tún un kọ, tó fi jáde ní 1921. Àtúnkọ ni ẹ̀rí tí à ń gbára lé.

Nínú nǹkan kéékèèké ni ìwé ti sábà máa ń bàjẹ́. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná: ogójì lórí okùn kan, ẹgbàá jẹ́ 2,000, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ẹni tó ń lọ ra ẹṣin kò lè ki owó bọ àpò. Aláàárù ni yóò bá a rù ú. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, gbèsè ló ń fi iṣẹ́ sìn. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Ìbàdàn títí di 1901. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà ni àwọn ènìyàn ń pe ara wọn. Ológun tó bá ń kígbe "àwa ọmọ Yorùbá" ní 1874 ti sáré ju ọjọ́ rẹ̀ lọ.

Àti òwe! Àwọn kan gbà pé ará àtijọ́ kò lè béèrè omi láìpa òwe mẹ́ta. Irọ́ ni. Ebi ń pa àwọn náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ta ni kó wá sọ ìtàn náà? Adébáyọ̀ Fálétí jẹ́ kí ju ẹnì kan lọ sọ̀rọ̀ nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Isaac Délànọ̀ fi Aiyé d'Aiyé Òyìnbó sẹ́nu obìnrin kan. Ọ̀nà yìí dára, nítorí olùsọ̀tàn lè ṣàìmọ nǹkan, ó sì lè purọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, Kúmúyìílọ ni n bá fún ní ẹnu: ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́, tí Johnson sọ pé ó lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Èmi yóò gbé e dúró sójúde lọ́jọ́ tí ìlù Ààrẹ ń dún bọ̀ láti ẹnu odi, tí ìyá rẹ̀ kò sì dìde.