Omi kànga kò tó pa iná ilé

Láti ọdún 1991 tí Òṣogbo ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ilé tuntun ti ń yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Iléṣà. Omi ẹ̀rọ kì í dé ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun, kànga ni wọ́n gbójú lé. Bí iná bá wá sọ lóru ńkọ́? Omi inú ọkọ̀ panápaná kì í pẹ́ tán. Ó gbọ́dọ̀ ríbi bu òmíràn nítòsí. Nítorí náà, kí mọ̀lẹ́bí tó ta ilẹ̀, kí sọ̀fíyọ̀ kọ́kọ́ yọ títì tí ọkọ̀ ńlá lè gbà àti ààyè táǹkì omi. Kí ẹni tó fẹ́ rà á náà béèrè kó tó sanwó. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tálákà tó jó, gbèsè ni.