Ẹnu Ni Gbólóhùn Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC ń ṣe fún àwọn tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama, àròkọ kan wà tí kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀. Máàkì 50 ló wà fún un. 10 jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀, 10 jẹ́ ti bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tò ó, 20 jẹ́ ti bí ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣà lò àti oríṣiríṣi gbólóhùn tó fi hun iṣẹ́ rẹ̀. 10 yòókù ni ti àṣìṣe: olùyẹ̀wò á máa yọ ìdajì máàkì fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, tí àṣìṣe bá sì ti pé 20, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìpín yìí á rí i pé ìlọ́po méjì máàkì tí àṣìṣe lè gbà lọ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ gbólóhùn hun. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, bírò pupa ni gbogbo ẹ̀kọ́ àròkọ. Ọmọ á kọ ọ́, olùkọ́ á fa ilà sábẹ́ àṣìṣe, ọmọ á kọ àtúnṣe tàbí kó má kọ ọ́, ó parí. Láti kíláàsì kékeré títí dé àṣekágbá, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má jókòó ti ọmọ náà láti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn òbí àti olùkọ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Àìmọ òfin gírámà kọ́ ló ń yọ ọmọ tí kò lè kọ gbólóhùn tó pé lẹ́nu jù. Kò tíì hun gbólóhùn tó ni. Inú èdè tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ló sì yẹ kí híhun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ní Ìpetumodù, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀, ìlú tí àwọn obìnrin rẹ̀ gbajúmọ̀ fún ìkòkò mímọ. Ẹ ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Á ní wọ́n máa ń wa amọ̀, wọn á gún un, wọn á pò ó, wọn á mọ ọ́n, wọn á sá a, wọn á wá sun ún. Kò sí àléébù kankan nínú ohun tó sọ. Yorùbá kò fi dandan béèrè ọ̀rọ̀ asopọ̀ láàárín irú awẹ́ gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ohùn àti èémí ló ń so wọ́n. Ìgbà tí ọmọ náà bá gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, tó fi kọ́mà há àárín awẹ́ mẹ́fà, ni olùkọ́ á ní gbólóhùn rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò dúró. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ọmọ á kọ “Nígbà tí òjò rọ̀” lédè Gẹ̀ẹ́sì, á fi àmì ìdánudúró sí i, á kọjá lọ. Lẹ́nu, ẹni tó ń gbọ́ ọ ti mọ ìyókù. Nínú ìwé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í kíyè sí. “Àti” tiwa, ọ̀rọ̀ orúkọ àti àpólà rẹ̀ ló ń so: ilé àti ọ̀nà, Òjó àti Àìná. Bó bá kan odidi gbólóhùn, “sì” la ń lò, ẹ̀yìn olùwà ló sì ń jókòó sí. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń fi “and” kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ọmọ tí wọn kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn lè sá fún “and” náà pátápátá, ó sì lè máa fi í bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìlà.

Irú àṣìṣe báyìí ní orísun, kò sì fi ọmọ hàn ní olódo. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kan, Mina Shaughnessy, ṣe rí i ní City College, New York, nígbà tí yunifásítì ìlú náà ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1970 fún gbogbo ẹni tó bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Nǹkan bí 4,000 àròkọ ló kà, èyí tí àwọn ọmọ tí ìwé kíkọ ń ni lára kọ. Nínú ìwé rẹ̀, Errors and Expectations, tó jáde lọ́dún 1977, ó fi yé àwọn olùkọ́ pé àṣìṣe àwọn ọmọ náà ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, àti pé ẹni tó bá wá ìlànà náà rí ló lè kọ́ wọn. Olùkọ́ tó bá mọ Yorùbá ní Ìpetumodù ti ní kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́wọ́ kó tó wọ kíláàsì. Ó dùn mí pé a máa ń sọ fún un pé kó jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣé gírámà wá ni oògùn rẹ̀? Ọ̀pọ̀ òbí gbà bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn: kí ni ọ̀rọ̀ ìṣe, kí ni awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, fa ilà sí i nídìí. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Lọ́dún 1969, John Mellon tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tó ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kó gbólóhùn kéékèèké jọ di ńlá, ṣùgbọ́n tó tún kọ́ wọn ní orúkọ gírámà tó le. Lọ́dún 1973, Frank O'Hare tún irú rẹ̀ ṣe, ó yọ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn kúrò, ó fi ìsopọ̀ nìkan sílẹ̀. Gbólóhùn àwọn ọmọ kíláàsì keje tó kọ́ dàgbà ju ọjọ́ orí wọn lọ, àwọn olùkọ́ tó ka àròkọ wọn pẹ̀lú ti àwọn ọmọ tí kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ náà sì sọ pé tiwọn ló dára jù. Nígbà tó di ọdún 2007, Steve Graham àti Dolores Perin kó èsì ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, láti kíláàsì kẹrin dé ìkejìlá, wọ́n sì wọn ọ̀nà ìkọ́ni kọ̀ọ̀kan. Lórí òṣùwọ̀n wọn, ọ̀nà tí kò ṣoore tí kò sì ṣèpalára á wà ní òdo. Síso gbólóhùn pọ̀ gba 0.50 sí òkè òdo. Kíkọ́ gírámà lọ́tọ̀ gédégbé gba 0.32 sí ìsàlẹ̀ òdo. Èmi kò kà á sí pé kí a gbàgbé gírámà. Orúkọ tí a ń pe nǹkan wúlò fún ẹni tó ti ń lo nǹkan náà. Àkókò tí a bá fi ń ha orúkọ awẹ́ gbólóhùn sórí ni ọmọ ìbá fi máa kọ awẹ́ gbólóhùn fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ síso gbólóhùn pọ̀ náà kò le. Olùkọ́ kọ gbólóhùn mẹ́ta sójú pátákó: Àwọn obìnrin ń mọ ìkòkò. Ìpetumodù ni wọ́n ń gbé. Amọ̀ ni wọ́n ń lò. Ó ní kí àwọn ọmọ sọ gbogbo rẹ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, lẹ́nu, ní Yorùbá. Ọ̀kan á ní: Àwọn obìnrin tó ń gbé Ìpetumodù ń fi amọ̀ mọ ìkòkò. Òmíràn á ní: Amọ̀ ni àwọn obìnrin Ìpetumodù fi ń mọ ìkòkò. Ìkẹta á gbà á lọ́nà mìíràn. Níbí ni oríṣiríṣi gbólóhùn ti ń wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á láṣẹ: gbólóhùn kìíní ní “tó” nínú, ìkejì gbé amọ̀ síwájú nítorí pé òun ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ tẹ̀ mọ́ wa létí. Olùkọ́ á béèrè èwo ló bá a mu bó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ láàárín amọ̀ àti irin là ń sọ. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán lẹ́nu ni wọ́n á wá gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí olùkọ́ á sì fi hàn wọ́n ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà kúrò lọ́nà tiwa.

Ọ̀nà kejì wà tí Judith Hochman àti Natalie Wexler ṣàlàyé nínú The Writing Revolution, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ó ń fi ipá mú ọmọ ronú. Olùkọ́ á fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: Ìkòkò náà sán nítorí pé… Ìkòkò náà sán, ṣùgbọ́n… Ìkòkò náà sán, nítorí náà… Ẹni tí kò mọ̀ pé ìkòkò tí kò gbẹ dénú máa ń sán nínú iná kò ní rí ìkíní parí. Ìkejì ń béèrè ohun tó lòdì sí èyí tí à ń retí: ó sán, ṣùgbọ́n a ṣì lè fi gbin òdòdó. Ìkẹta ń béèrè àtubọ̀tán. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé síso gbólóhùn pọ̀ jẹ́ eré ọmọdé. Ọmọ tó lè parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tí kò lè parí ọ̀kan nínú wọn ti fi ibi tí òye rẹ̀ kù sí han olùkọ́, kó tó di pé ó kọ ojú ewé méjì tí kò nítumọ̀.

Àtakò tó ń kọ́kọ́ jáde ni pé Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì á ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ẹ̀rí tó dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn kò jìnnà sí Ìpetumodù rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣaájú rẹ̀, Ford Foundation ti Amẹ́ríkà sì fowó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì bí àṣà ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí tí wọ́n fi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kéré gan-an sí tàwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn kan ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe tí wọ́n yàn fún wọn ló fà á. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn, n kò sì ní sẹ́ ẹ: Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kọ́ ọmọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba lójúmọ́, á wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó gba ìyókù ọjọ́ náà kò ba nǹkan kan jẹ́.

Àtakò yìí ti wá di ti ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó jókòó ṣe WAEC lọ́dún 2025 ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ètò 2022 tó dé. Èsì rẹ̀ kò lè jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí ohun tí kò kàn án. Ìkọ́ni tó mẹ́hẹ ní èdè yòówù, tí kò ní ìwé, tí kò ní olùkọ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, èsì tí kò dára ló máa bí. Síbẹ̀, ohun tí mò ń sọ kò dúró de kí ìjọba yí òfin padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, n kò sì tíì rí òfin tó ní kí olùkọ́ má fi Yorùbá ṣàlàyé.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn olùkọ́ fúnra wọn: èrò ti pọ̀ jù ní kíláàsì, ta ni yóò máàkì rẹ̀? Ẹni tó ní ọmọ 60 níwájú tó sì ní kí gbogbo wọn kọ àròkọ lọ́sẹ̀, òun ló ń di ẹrù tí kò ní lè rù. Gbólóhùn kan ṣoṣo láti ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lẹ́nu sí ara wọn ní méjì-méjì, tí olùkọ́ sì mú márùn-ún nínú rẹ̀ lọ sójú pátákó kí gbogbo kíláàsì tún un ṣe, kò ní gba alẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ọmọ á máa kọ gbólóhùn gígùn tí yóò lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n máa tú gbólóhùn ńlá ká padà sí kéékèèké pẹ̀lú, kí ọmọ lè mọ ìgbà tí kúkúrú ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ka D.O. Fágúnwà, láti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ọdún 1938 lọ, á rí i bí òǹkọ̀wé náà ṣe ń fa gbólóhùn gùn, tó sì ń já a lójijì nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó mọ méjèèjì ló lè yàn.

Ó ku àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá nílé. Fún irú wọn, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, bó ti wù kó rí, ni ẹnu tí a ó ti bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n so ó pọ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́. Ní ti bí a ó ṣe to iṣẹ́ náà, tí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní JSS1, kó fi tẹ́ẹ̀mù kìíní so pẹ̀lú “nítorí pé”, “ṣùgbọ́n” àti “nítorí náà” nìkan. “Tí” àti “tó” lè gba tẹ́ẹ̀mù kejì, “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé” àti “kí ó tó” á tẹ̀ lé e. Bírò pupa lè dúró títí ọmọ á fi ní gbólóhùn tó tó yẹ̀ wò.