Stephen Keshi

Stephen Okechukwu Keshi (ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1962 – ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2016) jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọwọ́ ẹ̀yìn ni ó ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì jẹ́ balógun ikọ̀ Nàìjíríà, Super Eagles, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni ẹnìkejì nínú ìtàn tí ó gba Ife-Ẹ̀yẹ Orílẹ̀-èdè Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tí ó sì tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì ni ó ṣáájú rẹ̀. Òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó kó ikọ̀ kan kọjá ìpele ìsọ̀rí nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni "Big Boss".

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Azare, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi lónìí, ni wọ́n ti bí Keshi, ṣùgbọ́n ìlú Illah ní Ìpínlẹ̀ Delta ni orírun àwọn òbí rẹ̀. Èkó ni ó ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀. Ó kàwé ní St. Finbarr's College, Akọkà, ilé-ẹ̀kọ́ tí àlùfáà ìjọ Àgùdà ọmọ ilẹ̀ Ireland, Denis Slattery, dá sílẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti mọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún ìwé àti fún bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí ó ṣojú Nàìjíríà sì ti ibẹ̀ jáde; Henry Nwosu jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Keshi ti kọ́kọ́ ràn.

Iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù

Ẹgbẹ́ ACB ti Èkó ni Keshi ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó lọ sí New Nigeria Bank ní ìlú Benin, níbi tí ó wà láti ọdún 1980 títí di 1984. Ní ọdún 1985, èdèàiyédè bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà lórí wíwá sí ibùdó ìgbaradì, wọ́n sì fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ìyà yìí ni ó sún un kúrò nílé. Ó ré kọjá sí Côte d'Ivoire, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan àti lẹ́yìn náà fún Africa Sports. Ohun tí ó jọ òpin iṣẹ́ rẹ̀ wá di ọ̀nà tí ó gbé e dé Yúróòpù.

Ní ọdún 1986, ẹgbẹ́ Lokeren ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù gbà á. Lẹ́yìn ọdún kan, ó bọ́ sí Anderlecht, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó lágbára jù ní ilẹ̀ náà. Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1988 àti 1989, ó sì gba líìgì ní ọdún 1991. Ní ọdún 1990, Anderlecht dé àṣekágbá ìdíje àwọn olùgba-ife ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n Sampdoria ti ilẹ̀ Ítálì fi góòlù 2 sí òdo borí wọn. Láti Bẹ́ljíọ̀mù, Keshi lọ sí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ó padà sí Bẹ́ljíọ̀mù láti gbá bọ́ọ̀lù fún RWDM, ó sì parí iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Màléṣíà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Perlis.

Ní àsìkò tí Keshi gòkè lọ sí Yúróòpù, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lára àwọn àbúrò rẹ̀ nínú iṣẹ́ tọ̀, ó sì ran àwọn kan lára wọn lọ́wọ́ láti rí ẹgbẹ́. Èyí jẹ́ ara ohun tí ó mú kí wọ́n máa wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n àti olórí, kì í ṣe akẹgbẹ́ lásán.

Balógun ikọ̀ Nàìjíríà

Ọdún 1981 ni Keshi kọ́kọ́ wọ aṣọ ikọ̀ àgbà Nàìjíríà. Ó wà nínú ikọ̀ tí ó dé àṣekágbá Ife-Ẹ̀yẹ Orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ọdún 1984 àti 1988. Kamẹrúùnù ni ó gba ife náà mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ìgbà méjèèjì. Ní ọdún 1994, ní ilẹ̀ Tùnísíà, ìyà náà dópin. Nàìjíríà fi góòlù 2 sí 1 borí Sáńbíà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Emmanuel Amunike ni ó gbá góòlù méjèèjì wọlé. Keshi kò gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ àṣekágbá náà, ṣùgbọ́n òun ni balógun gbogbo ikọ̀. Ní ọdún kan náà, ó bá ikọ̀ náà lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Nàìjíríà.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá

Amẹ́ríkà ni Keshi ti kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí ó padà wálé, ó darí ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, ó sì ṣe igbákejì fún Shaibu Amodu nínú ikọ̀ àgbà. Ní ọdún 2002, Nàìjíríà ṣe ipò kẹta nínú Ife-Ẹ̀yẹ Orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní ilẹ̀ Málì. Èyí kò tẹ́ àwọn aláṣẹ lọ́rùn, wọ́n sì lé gbogbo àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ti mú ikọ̀ náà yege fún Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún yẹn. Ẹlòmíràn ni ó kó ikọ̀ náà lọ sí Japan àti South Korea.

Tógò

Ní ọdún 2004, Tógò fi Keshi ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Orílẹ̀-èdè kékeré yìí kò tíì lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Ìsọ̀rí tí wọ́n bá ara wọn sì le, nítorí Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ó dé ìpele kẹta sí àṣekágbá ní ọdún 2002, wà níbẹ̀, pẹ̀lú Sáńbíà, Málì, Kóńgò àti Làìbéríà. Emmanuel Adebayor gbá góòlù 11 wọlé nínú ìdíje àṣeyege náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Tógò fi góòlù 3 sí 2 borí Kóńgò ní Brazzaville, wọ́n sì fi ẹ̀yìn Sẹ̀nẹ̀gàl ti.

Ṣùgbọ́n Keshi kò jẹ èrè iṣẹ́ náà dé òpin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, Tógò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n gbá nínú Ife-Ẹ̀yẹ Orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Íjíbítì, èdèàiyédè sì wà láàárín akọ́nimọ̀ọ́gbá náà àti Adebayor. Wọ́n yọ Keshi nípò, wọ́n sì fi Otto Pfister ará Jámánì rọ́pò rẹ̀. Pfister ni ó kó ikọ̀ tí Keshi mú yege lọ sí Jámánì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọdún mẹ́rin, iṣẹ́ tí Keshi lọ́wọ́ sí so èso, ẹlòmíràn sì ni ó ká a. Tógò tún padà ké sí i fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Málì

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, Málì gbà á síṣẹ́ fún ọdún méjì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a fi ń rántí àsìkò yìí ni èyí tí ó ṣí Ife-Ẹ̀yẹ Orílẹ̀-èdè Áfíríkà ọdún 2010 ní Àǹgólà. Góòlù 4 sí òdo ni Àǹgólà fi ń ṣíwájú nígbà tí ó kù bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kí fèrè ìparí tó dún, Málì ti dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ọ̀mì náà kò gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Àlgéríà, wọ́n borí Màláwì, wọn kò sì kọjá ìpele ìsọ̀rí. Wọ́n dá Keshi dúró ní oṣù Kìíní ọdún náà.

Super Eagles àti Ife-Ẹ̀yẹ ọdún 2013

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Àjọ Bọ́ọ̀lù-ẹlẹ́sẹ̀ Nàìjíríà fi Keshi rọ́pò Samson Siasia, lẹ́yìn tí Nàìjíríà kùnà láti yege fún Ife-Ẹ̀yẹ Orílẹ̀-èdè Áfíríkà ọdún 2012. Keshi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti ìpìlẹ̀. Ó yọ àwọn gbajúmọ̀ bí Obafemi Martins àti Peter Odemwingie kúrò nínú ikọ̀ tí ó kó lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2013, ó sì mú agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà láti inú líìgì abẹ́lé. Lára wọn ni Sunday Mba, àti Godfrey Oboabona tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpínlẹ̀ tí ó nà láti ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè dé àwọn ìletò orí omi àwọn Ìlàjẹ ní etí òkun. Oboabona àti Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, ni wọ́n di àárín ẹ̀yìn mú, nígbà tí Joseph Yobo, balógun ikọ̀, ń wò wọ́n láti orí ìjókòó fún ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò fani mọ́ra. Nàìjíríà ta ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Bùrkínà Fasò, ó tún ta irú rẹ̀ pẹ̀lú Sáńbíà, kí pẹnárítì méjì láti ẹsẹ̀ Victor Moses tó gbà wọ́n là lọ́wọ́ Etiópíà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó kàn ni ti Côte d'Ivoire, ikọ̀ Didier Drogba àti Yaya Touré, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni yóò gba ife náà. Nàìjíríà borí wọn pẹ̀lú góòlù 2 sí 1; Mba ni ó gbá èyí tí ó parí ìjà. Wọ́n na Málì, ikọ̀ tí Keshi ti darí rí, ní 4 sí 1. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, góòlù kan ṣoṣo tí Mba gbá wọlé ni ó ya Nàìjíríà àti Bùrkínà Fasò sọ́tọ̀. Ife náà padà wálé lẹ́yìn ọdún 19.

Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ́gun náà, Keshi kéde lórí rédíò pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ kò fọkàn tán òun, wọ́n sì ti ń gbèrò láti yọ òun kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Côte d'Ivoire tó wáyé. Lẹ́yìn ìjíròrò tí mínísítà eré ìdárayá, Bolaji Abdullahi, dá sí, ó yí ìpinnu náà padà. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè Commander of the Order of the Niger dá a lọ́lá, CAF sì fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó peregedé jù lọ ní Áfíríkà fún ọdún 2013. Síbẹ̀, nínú ọdún kan náà, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí kò gba owó oṣù rẹ̀.

Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014

Keshi mú Nàìjíríà yege fún Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé lẹ́yìn tí wọ́n borí Etiópíà nílé àti lóko. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ó tún darí ikọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù abẹ́lé dé ipò kẹta nínú ìdíje CHAN. Ní Bràsíl, Nàìjíríà ta ọ̀mì aláìní-góòlù pẹ̀lú Ìráànì, ó sì borí Bòsníà pẹ̀lú góòlù 1 sí òdo. Odemwingie, ẹni tí Keshi ti fi sílẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú, ni ó gbá góòlù náà wọlé. Bí Ajẹntínà tilẹ̀ borí wọn ní 3 sí 2, Nàìjíríà wọ ìpele ẹlẹ́ni-mẹ́rìndínlógún, níbi tí Faransé ti fi góòlù 2 sí òdo lé wọn padà.

Òpin iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà

Lẹ́yìn Bràsíl, nǹkan dojú rú. Nàìjíríà pàdánù sọ́wọ́ Kóńgò ní Calabar àti sọ́wọ́ Sùdáànì ní Khartoum. Wọ́n yọ Keshi ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, wọ́n tún dá a padà láìpẹ́, ṣùgbọ́n ikọ̀ tí ó di ife mú kò yege fún ìdíje ọdún 2015. Ó gba àdéhùn tuntun ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ní oṣù Keje, wọ́n fòpin sí i lórí ẹ̀sùn pé ó ń wá iṣẹ́ ikọ̀ Côte d'Ivoire. Keshi sọ pé irọ́ ni.

Èrò rẹ̀ lórí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ Áfíríkà

Keshi kò fi èrò rẹ̀ pamọ́ lórí bí àwọn àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ń gba akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó sọ ní gbangba pé wọ́n máa ń fún òyìnbó ní àkókò àti owó tí wọn kì í fún ọmọ ilẹ̀, àti pé àwọn àlejò kan ń wá nítorí owó nìkan. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìbínú. Ìtàn iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí ó ń sọ: láàárín ọdún 2002 sí 2015, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí iṣẹ́ kan tí ó fi sílẹ̀ ní ìrọwọ́rọsẹ̀, títí kan èyí tí ó ti gba ife.

Ikú àti ìrántí

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ìyàwó rẹ̀, Kate, kú lẹ́yìn tí ó ti bá àrùn jẹjẹrẹ jà. Keshi fúnra rẹ̀ kú lójijì ní ìlú Benin ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2016, ní ẹni ọdún 54. Ọmọ mẹ́rin ni ó fi sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni Shaibu Amodu, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, kú ní ìlú kan náà.

Pápá ìṣeré tí ó wà ní Asaba, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Delta, ni wọ́n fi sọ orí rẹ̀. Pápá Stephen Keshi yìí ni ìdíje eré-sísá àti ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà ti wáyé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018.