Apá Méje Tí Tẹlifíṣọ̀n Kò Ṣe: Bí Star Trek Ṣe Di Géèmù Gidi

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991 ni Star Trek, eré nípa ìrìn-àjò ojú ọ̀run, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó ti kọ́kọ́ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Interplay ní California ṣe géèmù kan láti fi sàmì sí àyájọ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Star Trek: 25th Anniversary, àmọ́ ọdún 1992 ló tó jáde fún kọ̀ǹpútà. Ayẹyẹ ti kọjá lọ kó tó dé. Síbẹ̀ géèmù tó pẹ́ dé yìí kò kú: ní 2015, ilé ìtajà GOG tún gbé e síta fún kọ̀ǹpútà òde òní, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di ìgbàgbé. Bí a bá béèrè ohun tó fà á, ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu èèyàn ni pé orúkọ ló tà á. Èmi kò gbà. Orúkọ yẹn ti wà lára géèmù fún ogún ọdún ṣáájú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn gbé e wọ̀ bí ẹ̀kú ni, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí Interplay ṣe yàtọ̀. Wọ́n mú àwọn èèyàn inú eré náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún mú bí wákàtí kan lórí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń lọ́ pọ̀, àti bó ṣe ń parí. Èyí ló jẹ́ kí géèmù náà dúró.

Ẹ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ní 1971, Mike Mayfield, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní California, kọ géèmù Star Trek kan ní èdè BASIC sórí kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Sigma 7. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń tẹ èsì jáde sórí bébà. Ó pín ojú ọ̀run sí ìpín 64, mẹ́jọ níbùú, mẹ́jọ lóòró, ó fi ọkọ̀ àwọn Klingon, ọ̀tá inú eré náà, pamọ́ sínú wọn, ó sì fún ẹni tó ń gbá a ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi pa gbogbo wọn run. David Ahl fi ẹ̀dà rẹ̀ kan sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1973, 101 BASIC Computer Games, láti ibẹ̀ ló sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, pàápàá fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ogun nìkan ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Nínú eré tí Gene Roddenberry dá sílẹ̀, ìbọn kì í sábàá jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tí a pè ní ọ̀tá ní ìbẹ̀rẹ̀ lè di ẹni tí a ṣàìmọ̀ kó tó di ìparí, iyàn sì máa ń pọ̀ ju ìjà lọ. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà lè ka iye ọkọ̀, ó lè ṣírò iye agbára tó kù, ṣùgbọ́n kò lè jiyàn. N kò bá Mayfield wí. Ohun tí irin iṣẹ́ rẹ̀ lè gbé ni ó gbé.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í lè gbé ọ̀rọ̀, àṣìṣe kejì dé. Ní 1985, ilé ìtẹ̀wé Simon & Schuster gbé Star Trek: The Kobayashi Alternative jáde, géèmù tí a ń kà tí a sì ń tẹ èsì sí. Diane Duane, òǹkọ̀wé tó ti kọ ìwé ìtàn Star Trek dáadáa, ló wà nídìí ìtàn rẹ̀. Ẹni tó ń gbá a di ọ̀gákọ̀ Kirk, ó sì lè rìn káàkiri inú ọkọ̀ Enterprise, kí ó máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, kí ó darí ọkọ̀ lọ síbi tó wù ú. Ẹni tó bá ń wá òmìnira yóò ní kò sí èyí tó ju ìyẹn lọ. Àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde, àwọn kan sì ti sọ pé ìyẹn nìkan ló bà á jẹ́. Lójú tèmi, kì bá ti yàtọ̀ púpọ̀ ká ní kò sí àṣìṣe kankan. Bí èèyàn bá lè lọ síbi gbogbo, tí kò sì sí ohun tó ń ti ìtàn lẹ́yìn, ìbẹ̀wò lásán ló ń ṣe sínú ọkọ̀ náà. Àwọn tó ń wo Star Trek kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wọ́n lè ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ohun kan ń ṣẹlẹ̀, àkókò sì ń lọ.

Kí ni wákàtí kan Star Trek? Àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ọkọ̀ lọ síbi tí ọ̀ràn wà. Kirk, Spock àti Dókítà McCoy sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì, ẹ̀ṣọ́ aláṣọ pupa kan tẹ̀lé wọn, gbogbo òǹwòran sì mọ̀ pé aláṣọ pupa ló sábàá ń kú. Spock ń fi ìṣirò sọ̀rọ̀, McCoy ń fi àánú dá a lóhùn, Kirk ló sì gbọ́dọ̀ pinnu. Ọ̀ràn yanjú, wọ́n padà sínú ọkọ̀, wọ́n dápàárá díẹ̀, ó parí. Interplay gbé ètò yìí kalẹ̀ bó ṣe rí. Apá méje ni géèmù náà ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ bíi ti orí tẹlifíṣọ̀n. Ní apá kìíní, Demon World, àwọn ẹlẹ́sìn kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì Pollux V ránṣẹ́ pé ẹ̀mí èṣù ń yọ sí àwọn nítòsí ibi ìwakùsà. Ẹgbẹ́ Kirk dé ibẹ̀, àwọn Klingon yọ sí wọn lójú ọ̀nà, wọ́n yìnbọn. Klingon tó ṣubú sì wá já sí róbọ́ọ̀tì. Láti ibẹ̀ ìtàn yí padà: ta ló rán róbọ́ọ̀tì náà, kí ló sì ń ṣọ́? Níkẹyìn, àwọn ẹ̀dá tó ti ń sùn lábẹ́ ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni Kirk bá pàdé, àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà ṣáájú ẹlẹ́sìn àti awakùsà. Bí ẹ bá fún òǹwòran 1967 ní ìtàn yìí láìsọ ibi tó ti wá, kò ní fura.

Ìrísí yìí kò dùn lójú lásán. Ó yanjú ìṣòro tó ń da irú géèmù bẹ́ẹ̀ láàmú. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìrìn-àjò ìgbà náà, bíi King's Quest ti ilé-iṣẹ́ Sierra tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984, akọni dá nìkan wà, ìtàn gùn, ẹni tó bá sì gbàgbé láti mú ohun kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀ lè rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó mọ̀ pé ọ̀nà ti dí. Pípín ìtàn sí apá kúkúrú gé ìyà yẹn kúrò. Ibi tí à ń rìn nínú apá kan kò pọ̀, ẹrù ibẹ̀ kò pọ̀, ohun tí a kò mú níbí kò sì ní pa wá lára ní apá tó ń bọ̀. Ti Kirk, Spock àti McCoy tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Èèyàn lè ní kí Spock fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo òkúta, kí McCoy yẹ ẹni tó fara pa wò, ohun tí wọ́n bá sọ sì ni ìtọ́nisọ́nà. Nínú géèmù mìíràn, ẹni tó bá há ní láti lọ wá ìwé ìdáhùn. Níbí, ó kàn yíjú sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ tún wo bí ikú ṣe rí níbẹ̀. Bí Kirk, Spock tàbí McCoy bá kú, géèmù parí. Bí aláṣọ pupa bá kú, iṣẹ́ ń lọ, àmọ́ ó ń jẹ yọ nínú máàkì. Àwàdà àwọn òǹwòran ni wọ́n sọ di òfin géèmù, ó sì bá a mu rẹ́gí.

Máàkì yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní òpin apá kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá àgbà kan ń ránṣẹ́ sí Kirk láti sọ bó ṣe ṣe sí nínú ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó yanjú ọ̀ràn nípa pípa èèyàn lè yanjú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ yóò wálẹ̀. Ìbọn wọn ní ipò méjì, èyí tó ń mú èèyàn dákú àti èyí tó ń pa, yíyàn láàárín méjèèjì kì í sì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Níbi tí géèmù Mayfield ti ń ka òkú fún èrè, èyí ń yọ máàkì nítorí òkú. Mo rò pé kì í ṣe èèṣì lásán ni pé àwọn bíi Elizabeth Danforth, Michael Stackpole àti Scott Bennie wà lára àwọn tó kọ ọ́. Inú géèmù orí tábìlì ni wọ́n ti wá, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ń jókòó yí tábìlì ká, tí olùdarí kan ń gbé ọ̀ràn kalẹ̀, tí a sì ń yanjú rẹ̀ láàárín alẹ́ kan. Ìjókòó kan, ọ̀ràn kan, ẹgbẹ́ kékeré: ìyẹn àti wákàtí tẹlifíṣọ̀n kò jìnnà síra.

Àtakò tó lágbára jù wà lórí ìjà ọkọ̀ sí ọkọ̀. Ní àárín apá wọ̀nyí, ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ jókòó sí ipò Kirk, kí ó fi máòsì darí ọkọ̀ kí ó sì máa yìnbọn sí ọ̀tá tó ń yí i ká bí eṣinṣin. Ó le, kò sì gbádùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Apá keje, Vengeance, burú ju gbogbo wọn lọ: ìtàn rẹ̀ kúrú nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ogun líle ló sì fi parí, débi pé wọ́n ní láti fẹ ìtàn náà lójú nígbà tí ẹ̀dà orí sídì dé. Máàpù ìràwọ̀ tún wà nínú ìwé tó bá géèmù wá, kí ẹni tó jí i dà kọ má bàa mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá yan ìràwọ̀ tí kò tọ́ a já sí àárín ọ̀tá. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí àléébù náà wà. Níbi tí géèmù náà ti kúrò nínú ìrísí eré tẹlifíṣọ̀n, tó padà sí iṣẹ́ ọdún 1971, ibẹ̀ gan-an ló ti kọsẹ̀. Àtakò yẹn ń ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ohùn àwọn òṣèré ló gbé e. Òótọ́ ni pé William Shatner, Leonard Nimoy, DeForest Kelley àti àwọn mẹ́rin yòókù tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà wá sọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ẹ̀dà orí sídì, ìyẹn sì wọni lára, nítorí Roddenberry ti kú ní oṣù Kẹwàá 1991, fíìmù tí gbogbo wọn jọ ṣe kẹ́yìn sì ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Àmọ́ ẹ̀dà orí dísìkì ló kọ́kọ́ jáde, èyí tí a ní láti kà, Interplay sì rí ìdí láti ṣe èkejì, Judgment Rites, ní 1993, pẹ̀lú apá mẹ́jọ. Eré náà ṣèlérí ìrìn-àjò ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́ta péré ni NBC sì gbà kó fi rìn, apá 79. Méje àti mẹ́jọ tí Interplay fi kún un jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó rà á mọ̀ pé apá tuntun ni àwọn ń rà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé géèmù tó ń fara wé tẹlifíṣọ̀n kò ti gbàgbé ohun tí géèmù jẹ́? Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni apá tẹlifíṣọ̀n lè gbà parí, nígbà tí apá géèmù lè parí pẹ̀lú ìdá ogójì tàbí ọgọ́rùn-ún, ẹni tó gbá a nìkan ló sì mọ ẹni tó pa kó tó débẹ̀. BBC náà rìn ní ọ̀nà yìí ní 2010, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sumo Digital ní Sheffield ṣe Doctor Who: The Adventure Games, tí wọ́n sì fún àwọn ará Britain lọ́fẹ̀ẹ́, apá kan lẹ́yìn èkejì, gẹ́gẹ́ bí ara eré tẹlifíṣọ̀n Doctor Who fúnra rẹ̀.

Ohun tó dá Interplay dúró ni owó àwòrán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, Secret of Vulcan Fury, D. C. Fontana tó ti kọ̀wé fún eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló kọ ìtàn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ojú àwọn òṣèré hàn bí ojú èèyàn gidi. Wọ́n pa á tì kó tó jáde. Àwòrán kékeré 1992 ló jẹ́ kí apá méje ṣeé ṣe. Nígbà tí ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó ńlá, apá púpọ̀ di ẹrù. Géèmù alápá padà dé lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ Telltale ló sì gbajúmọ̀ fún un. Ní 2023, géèmù The Expanse, tó wá láti inú eré tẹlifíṣọ̀n mìíràn nípa ìrìn-àjò ojú ọ̀run, jáde ní apá márùn-ún, òṣèré Cara Gee sì padà wá ṣe Camina Drummer nínú rẹ̀. Ìtàn kan ṣoṣo ni apá márààrún ń sọ, kò sí èyí tó dá dúró, àwọn kan sì lè bínú sí i nítorí èyí. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni The Expanse rí lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú: ọ̀ràn rẹ̀ kì í tán láàárín wákàtí kan.